Ẹrù Rẹ̀ Ló Ṣáájú

Iṣẹ́ tèmi nínú ilé wa ní Al Khan ni kí n gba omi sílẹ̀ kí oòrùn tó mú. Orí òrùlé ni táńkì ilé náà wà, nígbà ooru ní Sharjah sì rèé, tó bá fi máa di aago mẹ́jọ àárọ̀, omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ti gbóná débi tí èèyàn lè fi tẹ ẹ̀bà. Nítorí náà, bí mo bá ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn apẹja lórí ọ̀sà, tí mo sì gbọ́ ìpè àdúrà lẹ́yìn rẹ̀, mo ti mọ̀ pé ó tó àsìkò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni mo máa ń gbà kún. Màá tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìwẹ̀, màá fi ìdérí bò wọ́n, kí wọ́n lè tutù di ìgbà tí Ìyá Àgbà bá fẹ́ wẹ àbúrò mi. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Abẹ́òkúta ló ti wá bá wa nígbà tí màmá mi bímọ, láti wá wẹ ọmọ, bí àwọn ìyá ọkọ ṣe máa ń ṣe. Ó kó ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn àti ògi gbígbẹ wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú tú gbogbo rẹ̀ wò, wọ́n gbóòórùn ọṣẹ náà títí kí wọ́n tó jẹ́ kó kọjá. Títí ó fi kúrò lọ́dọ̀ wa ló ń sọ ọ́ pé àwọn ọmọkùnrin yẹn ò ní ìyá àgbà tó wẹ̀ wọ́n dáadáa.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Yàrá méjì àti pálọ̀ kan ni ilé náà. Dádì àti Mọ́mì wà ní yàrá kan pẹ̀lú ọmọ tuntun, èmi àti Ìyá Àgbà wà ní èkejì, Bọ̀dá Táyọ̀ sì ń sùn sórí àga gígùn ní pálọ̀. Bọ̀dá Táyọ̀ ni àbúrò bàbá mi, àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà. Òun àti Dádì jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Deira ní Dubai, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù fún àwọn oníṣòwò tó ń ra ọjà lọ sí Èkó. Bọ̀dá Táyọ̀ ló ń wakọ̀. Ó ti kó oríṣiríṣi èdè jọ ní Deira. Tí oúnjẹ bá pẹ́ lórí iná, á máa ké yalla, yalla láti pálọ̀ pé kí wọ́n ṣe kíá, Ìyá Àgbà á sì dá a lóhùn láti kíṣìnnì pé kí ó wá fi yalla rẹ̀ dáná.

Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni ìsinmi wọn. Ọjọ́ náà ni ìjọ wa ń pàdé, nítorí pé ọjọ́ Àìkú jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí a bá ti ìsìn dé, Ìyá Àgbà á din ẹja, a ó jẹun, Dádì á sì gbé fíìmù sí i. Fíìmù kan ṣoṣo ni. Ẹni tó gbé ilé náà ṣáájú wa fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò díẹ̀ sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Ìyá Àgbà sì ní kí wọ́n pa lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, yálà nítorí ìhòòhò tàbí nítorí ìbọn. Èyí tó gbà ni èyí tó pẹ́ jù lọ, fíìmù Amẹ́ríkà tí kò ní àwọ̀, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn inú wọn fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí fíìmù fi ya odi. Orí ìtàgé ni wọ́n ti ń ṣe eré náà kí wọ́n tó gbé e sínú fíìmù, ó sì hàn lára rẹ̀. Inú pálọ̀ kan ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan á gba ilẹ̀kùn wọlé, á dúró, á sọ tirẹ̀ tán, ẹlòmíràn á tó dáhùn. Kò sí orin lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn, àfi ìró kan bí iyanrìn tí wọ́n ń dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Àgbà fẹ́ràn wọn. Ó ní ọmọlúàbí èèyàn ni wọ́n, aṣọ wọn dé ọrùn, ẹnì kan ò sì já lu ọ̀rọ̀ ẹnì kejì. Àwọn èèyàn wa ló ń pè wọ́n.

Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Dádì ló ń tú u fún un. Kí Dádì tó kúrò ní Abẹ́òkúta, ògbufọ̀ ni nínú ìjọ. Òun ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù àlejò, tí á máa sọ ọ́ ní Yorùbá. Bó ṣe ń ṣe níbẹ̀ náà ló ń ṣe ní pálọ̀ wa. Á dìde, á dúró sápá ọ̀tún tẹlifíṣọ̀n, á káwọ́ sẹ́yìn. Kì í sọ pé ọkùnrin yẹn ní báyìí, obìnrin yẹn ní báyìí. “Èmi” ló ń wí, bí ẹni pé òun gan-an ni ọkùnrin náà, tó bá sì kan obìnrin, á di obìnrin. Àwọn èèyàn inú fíìmù náà kì í kánjú, wọ́n ń sinmi láàárín gbólóhùn bí oníwàásù tó mọ̀ pé ògbufọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Dádì kọ́ èmi náà díẹ̀. Ó ní ògbufọ̀ kì í dúró ronú, nítorí tó bá dúró, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á ti fi í sílẹ̀ lọ. Ohun tí etí bá gbọ́ ni kí ẹnu gbé jáde, kí èèyàn má fi tirẹ̀ kún un.

Ṣùgbọ́n Dádì fi tirẹ̀ kún un. Ìtàn bàbá kan àti ìyá kan ni, àti ọmọkùnrin wọn tó lọ ṣiṣẹ́ lójú òkun. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, bàbá náà á dúró nídìí tábìlì, á wo ojú gbogbo wọn, á ní, “Ṣé gbogbo wa ti pé? Ẹ ti ilẹ̀kùn.” Lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ, kò ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Ní ìparí, ọkùnrin méjì gbé àpótí ọmọ náà wọlé, wọ́n gbé e kalẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì sọ fún ìyá náà pé ọmọ rẹ̀ ti bómi lọ. Ìyá náà dojú bo àpótí, ó ń sunkún, fíìmù sì tán. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wò ó, Ìyá Àgbà ti ń fi etí ìró nujú kó tó débẹ̀, Mọ́mì sì jókòó pẹ̀lú ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láyà. Mo rí i tí Dádì wo àwọn méjèèjì. Nígbà tí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ tán, Dádì ní, “Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹrù rẹ̀ ló ṣáájú, òun náà ń bọ̀ lẹ́yìn.” Ìyá Àgbà béèrè pé kí ló wá pa ìyá náà lẹ́kún. Dádì ní ẹkún ayọ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń parí ní gbogbo Jímọ̀, Ìyá Àgbà á sì pàtẹ́wọ́. Mọ́mì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Bọ̀dá Táyọ̀ gbọ́, èmi náà gbọ́. Gbogbo wa dákẹ́. Nígbà tí mo bá ro ó báyìí, mo máa ń rí i pé a ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un kí ọ̀rọ̀ gidi tó dé.

Ohun kan ń ya Ìyá Àgbà lẹ́nu nínú fíìmù náà, pé kí ló dé tí gbogbo wọn fi máa ń lọ dúró sídìí ìkòkò òdòdó kan lórí tábìlì kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bọ̀dá Táyọ̀ ló dá a lóhùn. Ó ní ọkùnrin tó ń ta oúnjẹ nísàlẹ̀ ilé wa ti ṣàlàyé fún òun pé nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, inú òdòdó ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ tó ń gba ohùn pamọ́ sí, ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ ò ní wọlé. Láti ìgbà náà ló ti sọ ọ́ di eré. Tó bá fẹ́ iyọ̀, á tẹ̀ síwájú, á sọ ọ́ sẹ́nu ife omi rẹ̀. Òdòdó oníke kan wà níwájú ọkọ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn, tí ẹnì kan lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ọ̀nà ilé ìwé ló ti máa ń ṣe é fún mi jù: á tẹrí sí òdòdó náà, á ki ohùn bàbá inú fíìmù bọ ọ̀fun, á ní, “Ṣé gbogbo wa ti pé? Ẹ ti ilẹ̀kùn.” Èmi á rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn mí.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Al Taawun ni mò ń gbé, mo sì ń bójú tó àwọn tó ń tún ilé kan ṣe ní Jumeirah Village Circle, nítorí náà ojoojúmọ́ ni mò ń gba ọ̀nà Sharjah lọ sí Dubai. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni mo máa ń jókòó sí. Bí awakọ̀ bá yíjú bá èrò sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi á di irin mú, mi ò sì ní lè mú u kúrò títí á fi kọjú síwájú. Àwọn tí a jọ ń wọkọ̀ ti mọ̀ mí. Wọ́n á ní, “Ẹ̀gbọ́n, khalas, ó ti tó, ó ti ń wo ọ̀nà.” Mi ò bínú sí wọn. Mo sọ èyí kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló kọ ọ́, ohun tí mo rántí nìkan ni mo sì kọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà náà, Bọ̀dá Táyọ̀ àti Dádì wá gbé mi nílé ìwé. Dádì jókòó síwájú, èmi wà lẹ́yìn. Èmi ni mo ní kí Bọ̀dá Táyọ̀ ṣe bàbá inú fíìmù fún mi. Ó tẹrí sí òdòdó náà, ó ní, “Ṣé gbogbo wa ti pé?” Kò parí rẹ̀. Ọkọ̀ akóyanrìn kan ti dúró níwájú wa. Mi ò rántí ìró kankan. Apá òsì mi kán, itan Dádì kán pẹ̀lú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, Bọ̀dá Táyọ̀ sì kú kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn ará ìjọ ló sin ín. Alàgbà kan láàárín wọn ló sọ ohun tí a máa ṣe. Ó jókòó ti Mọ́mì ní gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú apá tí wọ́n fi símẹ́ńtì funfun dì. Ó ní a kì í tú òfò ọmọ fún ìyá rẹ̀ báyìí, pàápàá ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, nílẹ̀ àjèjì, látẹnu ìyàwó ọmọ. Àwọn àgbà ìdílé ló ń kó ara wọn jọ, tí wọ́n á lọ bá a nílé láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó lè rí ẹni gbá a mú. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí físà Ìyá Àgbà parí. Kí a bò ó mọ́lẹ̀ títí á fi wọ bàálù. Wọ́n fẹnu kò pé takisí ló gbé èmi àti Dádì nígbà jàǹbá náà, Táyọ̀ sì ti lọ sí Oman láti yí físà rẹ̀ padà. Ìyá Àgbà ti gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ń ṣe, wọ́n á jáde nílùú kí wọ́n tó tún wọlé, ó sì máa ń pẹ́ nígbà mìíràn. Nígbà tí a wà nínú lífìtì, Mọ́mì di èjìká mi tó dáa mú. Ó ní, “Mopé, tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti ẹnu ẹ jáde, Màámi á kú, ìwọ lo sì pa wọ́n.” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Mo gbà á gbọ́, nítorí lójú tèmi, ẹnu mi ti pa ẹnì kan tẹ́lẹ̀.

Ìyá Àgbà gbà wá gbọ́. A mú un lọ kí Dádì, tí wọ́n ti fi wáyà de eyín rẹ̀ ti òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, tí kò lè sọ nǹkan kan, tó jẹ́ ògi olómi ló ń fà mu. Dádì rí i, omi ń dà lójú rẹ̀, Ìyá Àgbà sì ní ìrora ni, ó ń fi ọwọ́ nu ún. Nílé, ó ń wẹ ọmọ bó ṣe ń ṣe, ó ń na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sọ ọ́ sókè. Ó ń se mọ́ínmọ́ín sínú agolo mílíìkì, ó ń yọ agolo kan sọ́tọ̀ fún Táyọ̀. Ó wá ní kí ẹnikẹ́ni má fi irin ìdábùú sí ilẹ̀kùn mọ́, nítorí Táyọ̀ lè ti Oman dé nígbàkigbà, òun ò sì fẹ́ kó dúró síta. Ẹ̀rù ń ba Mọ́mì láti sùn nínú ilé tí kò tì, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó lè sọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ará ìjọ kan lọ gba báàgì Bọ̀dá Táyọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá, èyí tó máa ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì gbé e wá sílé láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Àgbà ló ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí Mọ́mì fi sáré jáde, ọkùnrin náà ti lọ, Ìyá Àgbà sì dúró ti báàgì náà, ó ń béèrè pé níbo lẹni tó ni ín wà. Mo rí Mọ́mì bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀. Èyí tó wá sí i lẹ́nu ni, “Ẹrù ẹ̀ ló ṣáájú, Màámi. Òun náà ń bọ̀ lẹ́yìn.” Ojú Ìyá Àgbà dán. Ó ní bíi ti ọmọ àwọn èèyàn wa gẹ́lẹ́. Ó ti báàgì náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, èmi sì ń sùn lókè rẹ̀.

Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Mọ́mì gbé ògi lọ fún Dádì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọ ń sùn. Ìyá Àgbà jókòó sórí àga gígùn, ó ní kí n gbé àwọn èèyàn wa sí i, ó ti pẹ́ tí òun ti rí wọn. Mo ní Dádì ò sí nílé tó máa tú u. Ó ní ṣebí èmi náà ń lọ ilé ìwé. Mo ní apá ń dùn mí. Ó fi oríkì mi pè mí.

“Àjíkẹ́, ṣé apá ni bàbá ẹ fi ń tú u ni? Àbí wọ́n ti fi wáyà de ẹnu tìẹ náà?”

Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì sí i. Mo dúró sápá ọ̀tún tẹlifíṣọ̀n. Mi ò lè káwọ́ sẹ́yìn nítorí símẹ́ńtì. Níbẹ̀rẹ̀, ohùn mi kéré, Ìyá Àgbà sì ní kí n sún mọ́ òdòdó kí òun lè gbọ́. Mo sún mọ́ ìdí àga rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ó ń mọ́ mi lẹ́nu. Mo jẹ́ bàbá, mo jẹ́ ìyá, mo jẹ́ ọmọ tó ń múra àtilọ. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ jàǹbá náà tí mi ò gbọ́ ohùn ara mi. Mo ti mọ gbólóhùn Dádì tó wà níparí, mo ti tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjèèjì gbé àpótí wọlé. Ọ̀kan ṣí fìlà, ó sọ̀rọ̀. Ẹnu mi ti ń tẹ̀lé etí mi láti nǹkan bíi wákàtí kan, kò dúró dè mí. Mo ní, “Ìyá, omi ti gbé e lọ. Ẹrù rẹ̀ nìkan la rí gbé wá fún yín.”

Ìyá Àgbà ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Mo dá a padà. Ọkùnrin náà tún ṣí fìlà, ó tún sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé mo lè yí i báyìí, pé kò tíì bọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ń wò mí lẹ́nu, kò wo tẹlifíṣọ̀n. Mo tún un sọ bí mo ṣe sọ ọ́.

“Bó ṣe ń wí látọjọ́ yìí nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Bàbá ẹ ló yí i fún mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ìyá ẹ náà mọ̀ pé ó yí i.”

Ìyá Àgbà dìde, ó wọ yàrá, mo gbọ́ ìró báàgì náà bó ṣe ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ó gbé e sí àárín pálọ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ṣí i. Ṣẹ́ẹ̀tì méjì ló wà nínú rẹ̀, tówẹ́ẹ̀lì kan, ìwé ìrìnnà rẹ̀ nínú ọ̀rá, àti búrẹ́dì kan tó ti bu. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ àwòrán ọmọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ènìyàn kì í fi ìwé yẹn sílẹ̀ kó tó lọ sí Oman. Ó di ìwé náà mú títí. Mò ń wo àyà rẹ̀, mò ń retí kó ṣubú.

“O wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbẹ̀, mà.”

“Kí ni Táyọ̀ ń ṣe?”

Mo sọ fún un. Mo sọ ti òdòdó oníke náà, mo sọ ohun tó sọ, mo sọ pé kò parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún Mọ́mì, pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é.

“Ó ń rẹ́rìn-ín?”

“Ó ń rẹ́rìn-ín, mà.”

Ó gbé ìwé náà sórí àga. Ó ní, “Ọmọ mi ló ń wakọ̀, Àjíkẹ́. Ìwọ, ẹ̀yìn lo jókòó sí.” Ohun tó sọ fún mi lórí rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò tún sọ òmíràn títí ó fi kú, ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ní Abẹ́òkúta, nínú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́nà púpọ̀ lórí bọ́ọ̀sì. Àwọn ọjọ́ kan wà tó ń tó mi.

Ó sunkún. Mi ò ní kọ ìyẹn. Nígbà tí ọmọ jí, ó nu ojú, ó ká àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó lọ sí ilé ìwẹ̀, ó sì wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kù nínú èyí tí mo gbà láàárọ̀. Ó tì í jókòó, ó fi òróró pa á lára, ó na apá rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò yọ nǹkan kan níbẹ̀ kúrò. Oòrùn ti ń wọ̀ lórí ọ̀sà nígbà tí Mọ́mì dé. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé, kò sí ìdábùú níbẹ̀. Ó rí báàgì tó ṣí sílẹ̀, ó rí ìwé ìrìnnà lórí àga, ó wò mí. Fúláàsì ògi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síbi tó dúró sí.

Ìyá Àgbà ní, “Dìde, ìyàwó mi. Ṣé ó mu ògi ẹ̀?”

“Wọ́n mu ún, mà.”

Ìyá Àgbà gbé ọmọ fún un. Ó lọ sí kíṣìnnì, ó gbé agolo mọ́ínmọ́ín tó wà lọ́tọ̀ wá, ó gbé e síwájú mi, ó ní kí n jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo èmi, ó wo Mọ́mì, ó wo ọmọ. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá gbogbo wa ti pé. Ó lọ sídìí ilẹ̀kùn, ó tì í, ó sì fi irin ìdábùú sí i.